Àwo Tí Wọ́n Fi Dí Àyè

Bọ̀dá Èkó, àbúrò ìyá mi, ní àwo orin mẹ́rìnlélógún nínú páálí ọtí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Múṣin. Mo mọ iye wọn nítorí pé èmi ni mo máa ń nù wọ́n tí mo bá lọ lo họ́lídè lọ́dọ̀ rẹ̀. Mẹ́tàlélógún jẹ́ jùjú, àpàlà, fújì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀. Ẹyọ kan tó kù kò bá ẹgbẹ́ mu rárá: Greatest Hits, ti Sly and the Family Stone, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ló mú un bọ̀ fún un, nígbà tí Bọ̀dá ṣì ń dá irun áfúrò sí, tó ń wọ ṣòkòtò láábù tó ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí èmi fi máa mọ àwo náà, etí páálí rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lọ́nà mẹ́ta.

Àwo náà ní ọgbẹ́ kan. Orin kejì lójú kìíní ni, "Everybody Is a Star", ibì kan tí ohùn ẹnì kan ti ń gba orin lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí abẹ́rẹ́ bá débẹ̀, á fò, á tún padà sẹ́yìn, á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí akólòlò. Bọ̀dá á dìde, á mú kọ́bọ̀ kan láti ojú fèrèsé, á gbé e lé orí ibi tí abẹ́rẹ́ so mọ́, orin á sì kọjá pẹ̀lú ìfò kan péré. Títí dòní, tí mo bá ń gbọ́ orin yẹn lórí fóònù, tó bá ku díẹ̀ kó débẹ̀, ọrùn mi á ti mì. Fóònù kì í fò. Ọrùn mi ni kò tíì gbọ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwo yìí, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn àwo àkójọ, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣa orin tó ti jáde tẹ́lẹ̀ jọ. Lójú tèmi, ó dà bí kí wọ́n ṣa ẹran inú ọbẹ̀ fún èèyàn nínú àwo ọ̀tọ̀. Ẹran náà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwọn tó ń gbé orin jáde ló sì máa ń fẹ́ irú rẹ̀ ju olórin fúnra rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé olórin ti kú, tàbí pé àdéhùn ti parí, tàbí pé Kérésìmesì ń bọ̀ tí kò sí ọjà lórí igbá.

Ìdí tí ti Sly fi jáde kò yàtọ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1969 ni àwo wọn, Stand!, jáde, ó sì tà gan-an. Ilé iṣẹ́ Epic tó ń gbé orin wọn jáde wá jókòó de èyí tó kàn. Wọ́n jókòó títí, àwo tuntun kò dé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1970, wọ́n kó orin méjìlá tí ayé ti gbọ́ jọ, wọ́n fi dí àyè. Ẹni tó bá ti lọ síbi ìgbéyàwó mọ bó ṣe máa ń rí: ìyàwó kò tíì múra tán, alága ìjókòó á ṣẹ́jú sí onílù pé kó máa lù lọ. Ìlù ìdúró ni. Kò sẹ́ni tó retí pé ìlù ìdúró ló máa dùn jù lọ́jọ́ náà.

Òun ló sì dùn jù. Àwo ìdúró yìí dé ipò kejì lórí àtẹ Billboard tó ń to àwo tó tà jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti jẹ́rìí sí i pé mílíọ̀nù 5 rẹ̀ ló ti tà ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe torí iye ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo ti gbọ́ gbogbo àwo tí ẹgbẹ́ yẹn ṣe, kò sí èyí tí mo lè gbé sílẹ̀ kó máa lọ láti orí dé ìdí láìdìde bí eléyìí. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ orin jù mí lọ á ní There's a Riot Goin' On ni ọba wọn. Mi ò bá wọn jà. Màá débẹ̀.

Ohun kan tún wà. Mẹ́ta nínú orin méjìlá náà kò nílé kankan ṣáájú. "Hot Fun in the Summertime" jáde lórí àwo kékeré ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní 1969. "Thank You" àti "Everybody Is a Star" jáde tojú tẹ̀yìn lórí àwo kékeré kan náà nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ. Kò sí àwo ńlá tó gbà wọ́n sílé àfi èyí. Nítorí náà, àwọn tó rò pé àwọn ń ra ohun tí àwọn ti ní tẹ́lẹ̀ ra orin mẹ́ta tó jẹ́ pé, bí ẹgbẹ́ náà ò bá kọ òmíràn mọ́ láyé, wọ́n tó jẹ.

Orúkọ "Thank You" yẹn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e lára àwo ni Falettinme Be Mice Elf Agin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo sì gbà pé Yorùbá ni. Mo mọ Fálétí. Fálétínmẹ̀ náà á jẹ́ ará ilé wọn. Mo bi Bọ̀dá pé ìlú wo ni àwọn Fálétínmẹ̀ ti wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀. Ó wá ní kí n kà á kíákíá, bí kọ̀ńdọ́ tó ń pe Ọ̀jọ́tà, kí n má wo lẹ́tà. Mo kà á, ó sì yé mi: bó ṣe ń dún lẹ́nu ni Sly ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń dúpẹ́ pé wọ́n tún jẹ́ kí òun ṣe bí òun ṣe jẹ́.

Bọ̀dá kò gbọ́ gbogbo òyìnbó inú orin náà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. "Ṣọ́ọ̀ṣì lèyí," ló máa ń wí. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe, àfìgbà tí mo dàgbà tí mo kà nípa wọn. Sylvester Stewart ni orúkọ Sly. Denton ní Texas ni wọ́n bí i sí ní 1943, Vallejo ní California ló dàgbà sí, nínú ìjọ Church of God in Christ, irú ìjọ tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ lu tanborínì títí ẹ̀mí á fi gbé èèyàn. Ní 1952, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ti gba orin ìjọ sínú àwo, wọ́n pe ara wọn ní Stewart Four. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣọ́ òru ní Aládùúrà rí kò ní pẹ́ dá "I Want to Take You Higher" mọ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀, àyípoyípo, ohùn ń ròkè, ẹnì kan ń dá a, ogunlọ́gọ̀ ń gbè é, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó tán. Orin yẹn ni wọ́n kọ ní Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní ìdájí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1969, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti sùn sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì jí wọn dìde. Ìṣọ́ òru náà kọ́ nìyẹn?

Kí Sly tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni ní agbègbè San Francisco. KSOL tó ti ń ṣiṣẹ́, rédíò àwọn aláwọ̀ dúdú ni, orin sóòlù ni iṣẹ́ wọn. Sly á kàn dédé ki Beatles tàbí Bob Dylan bọ àárín rẹ̀. Ohun tó ń fi àwo àwọn ẹlòmíràn ṣe nígbà náà ló wá fi èèyàn ṣe nígbà tó ń kó ẹgbẹ́ jọ. Àbúrò rẹ̀ Freddie ń ta gìtá, àbúrò rẹ̀ obìnrin Rose wá darapọ̀ nídìí dùùrù. Cynthia Robinson, obìnrin, ló ń fọn tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Jerry Martini tó ń fọn sáksófóònù àti Greg Errico tó ń lu ìlù, òyìnbó aláwọ̀ funfun ni àwọn méjèèjì. Larry Graham wà nídìí béèsì. Lóde òní, wọ́n á ya irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sára pátákó ìpolówó bánkì. Ní 1967, ní Amẹ́ríkà, ohun tí ojú kì í rí ni. Obìnrin tí wọn ò tò sẹ́yìn kó máa gberin, tí wọ́n fún ní tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì tó ń fi pariwo mọ́ gbogbo èèyàn, àní lọ́dọ̀ wa títí di òní, mélòó lẹ ti rí?

Àwo wọn àkọ́kọ́ kò tà. Ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń gbé e jáde fẹ́ ohun tí èèyàn lè jó sí, Sly sì fún wọn ní "Dance to the Music", tó dé ipò kẹjọ ní Amẹ́ríkà ní 1968. Orin yẹn kò ju kí wọ́n máa fi ara wọn hàn lọ: onílù, ó kàn ọ́, gìtá, máa bọ̀, béèsì, sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀gá jùjú ló ń ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mò ń padà sí.

"Everyday People" ni mò ń padà sí, àti béèsì inú rẹ̀. Orin tó gba ipò kìíní ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969 ni, ohùn kan ṣoṣo ni béèsì sì ń tẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn kan! Ẹni tó mọ orin á sọ pé ọ̀lẹ ni. Gbìyànjú rẹ̀ wò. Láti dúró lójú kan nígbà tí gbogbo ayé ń sáré kọjá lórí ẹ, kò rọrùn.

Báyìí ni Larry Graham ṣe di ẹni tó ń fi béèsì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe rí. Ọ̀dọ́ ni, òun àti ìyá rẹ̀, Dell, ni wọ́n jọ ń ṣeré ní àwọn ilé ọtí San Francisco. Ìyá ń tẹ píánò, ó ń kọrin. Ọmọ ń ta gìtá, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ́gáànù fún ohùn ìsàlẹ̀. Ọ́gáànù bàjẹ́. Larry lọ háyà béèsì kan pé kó fi gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ọ́gáànù kò ṣeé tún ṣe, béèsì sì di tirẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ tún pinnu pé àwọn ò ní lo onílù mọ́, àwọn méjèèjì ti tó. Kí ọmọ wá ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò gbá okùn tó nípọn, kó rọ́pò ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù. Ó sì ń fi ìka fa okùn tín-ín-rín kó já padà, kó rọ́pò ìlù kékeré tó ń ta ṣáṣá. Kò mọ̀ pé òun ń dá nǹkan sílẹ̀. Ìlù tí ìyá rẹ̀ lé lọ ló ń wá.

Ẹni tó bá ti jókòó ti alágídìgbo kò ní yà á lẹ́nu. Àpótí wà lórí itan, àtàǹpàkò ń ta ahọ́n irin, ìka tó kù ń gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí: ẹnì kan ṣoṣo ni, ó ń kọrin, ó ń lùlù. Nínú "Thank You" ni iṣẹ́ àtàǹpàkò Larry ti hàn jù lórí àwo yìí. Ìlà béèsì náà tì í lọ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tó sì ń padà, ó ń ta, ó ń já. Ọdún 1989 ni Janet Jackson gé gìtá inú orin kan náà láti fi ṣe ìpìlẹ̀ orin tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà mi sì rò pé tirẹ̀ ni àkọ́kọ́.

Mo ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ àtàǹpàkò yẹn nínú yàrá, títí ó fi lé róro, ó bẹ́, ó tún le. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà ọrẹ ìdúpẹ́, ara mi ò gbà á mọ́. Mo já a. Ọ̀gá akọrin wò mí bí ẹni pé mo fọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn ìsìn ó pè mí sẹ́yìn ó ní, "Ìwọ, ta ló ń bá ọ jà?" Mo ní kí ó má bínú. Bí mo ṣe ń ká wáyà, màmá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rọra ní, "Bọ̀dá olórin, èyí tó ń ta pá-pá yẹn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o."

"Everybody Is a Star" wá ńkọ́, orin ọlọ́gbẹ́? Ohùn mẹ́rin ló ń pín in: Sly, Freddie, Rose, Larry. Ẹnì kan ò gba ju ẹsẹ̀ kékeré lọ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ti Larry sì máa ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ni ìràwọ̀, wọ́n sì pín orin náà kí ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọ̀rọ̀ á tán, wọ́n á máa pa ohùn lásán. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá máa ń darapọ̀, nítorí pé ibẹ̀ kò gba òyìnbó.

Mo ti máa ń rò ó pé àwo àkójọ dà bí oríkì. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Oríkì gidi, ti ìdílé, kì í bo àbùkù mọ́lẹ̀: á sọ ẹni tó jà, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tí ìyàwó kọ̀. Èyí tó jọ àwo yìí ni oríkì òde àríyá, èyí tí wọ́n ń kì fún ẹni tó fẹ́ náwó. Ìṣẹ́gun nìkan ló wà níbẹ̀. Orin ẹyọ kan kò sí níbẹ̀ láti inú àwo àkọ́kọ́ tí kò tà. Orin kan wà nínú Stand! tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ti ń fi èébú pe ara wọn lójúkojú. Òun náà kò sí níbẹ̀. Ó yé mi. Ta ló máa ki ìyẹn lójú agbo?

Ohun tí wọ́n sì bò mọ́lẹ̀ jù ni ọdún 1970 fúnra rẹ̀. Lọ́dún yẹn, Sly ń pa òde ìṣeré jẹ léraléra. Àwọn èèyàn á sanwó, á jókòó, kò ní yọjú. Ní oṣù keje, wọ́n fẹ́ ṣeré ọ̀fẹ́ ní Grant Park ní Chicago láti fi tu àwọn ará ìlú náà nínú. Kí wọ́n tó kọ orin kan, ìjà ti bẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti ọlọ́pàá. Oògùn olóró ti wọ̀ ọ́ láàárín wọn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni àwo aláyọ̀ yìí bọ́ sọ́jà. Ẹni tó rà á gbọ́ orin "Stand!", ó gbọ́ "You Can Make It If You Try", ó rò pé bí ilé ṣe rí nìyẹn.

There's a Riot Goin' On wá dé ní ìparí 1971. Mo ní màá débẹ̀. Orin tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, "Family Affair", gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, Rose nìkan lẹ máa gbọ́. Errico ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ̀rọ ló ń lù. Graham náà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwo náà jinlẹ̀, mo gbà. Tí mo bá ń gbọ́ ọ, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó wọ ilé tí wọ́n ti ṣe àríyá, tí wọ́n ti kó àga lọ, tí bàbá ilé nìkan jókòó sínú òkùnkùn.

Sly kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 82. Mo lọ kí Bọ̀dá lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, èkúté ti jẹ páálí ọtí, ó ti kó àwọn àwo náà fún ẹnì kan tí kò rántí mọ́.

"Bọ̀dá, Sly ti kú o."

"Èwo ni Sly?"

"Ẹni tó ni àwo tí ẹ máa ń gbé kọ́bọ̀ lé."

"Háà! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn." Ó mi orí. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

Mo rí i pé kò gbọ́ ohunkóhun rí lẹ́yìn Greatest Hits. Fún ọdún tó lé ní àádọ́ta, ibi tí àwo yẹn parí sí ni Sly parí sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo tan "Family Affair" fún un láti inú fóònù. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó gbọ́ ọ tán, kò sọ̀rọ̀.

"Ta ni onílù?" ló bi mí.

"Kò sí onílù níbẹ̀, sà. Ẹ̀rọ ni."

"Èyí òyìnbó tó ń lù fún wọn tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

Ó wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀. "Ó ti rẹ̀ ẹ́," ló wí. "Dá a padà sí ojú kìíní fún mi."

Fóònù ò ní ojú kìíní. Mo wá "I Want to Take You Higher" jáde, mo jẹ́ kí ó máa lọ. Bọ̀dá ń fi ìka lu ọwọ́ àga. Orin kejì bọ́ sí i, ohùn kan ń gba á lẹ́nu èkejì, ó ku díẹ̀ kó dé ibi ọgbẹ́ yẹn. Mo yí ojú mi sí Bọ̀dá. Ọrùn tiẹ̀ náà mì.